Ilẹ̀ Àfonífojì Tí Kò Ní Odò: Ṣé Ó Ṣeé Kọ́lé Sí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo fẹ́ ra ilẹ̀ kan ní ẹ̀yìn ìlú Ìbàdàn láti fi kọ́lé. Ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, òkè sì wà ní ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Ẹni tí ń tà á sọ pé kò sí odò níbẹ̀, pé àfonífojì lásán ni, kí n má bẹ̀rù omi. Ǹjẹ́ òótọ́ ni? Kí ni ìyàtọ̀ odò àti àfonífojì gan-an?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Òótọ́ ni pé odò àti àfonífojì kì í ṣe ohun kan náà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí ẹ má bẹ̀rù omi. Odò jẹ́ omi tí ń ṣàn láti ibi gíga lọ sí ibi tí ó rẹlẹ̀, títí yóò fi wọ inú odò mìíràn, ọ̀sà tàbí òkun. Àfonífojì ní tirẹ̀ jẹ́ ìrísí ilẹ̀: ilẹ̀ gbọọrọ tí ó rẹlẹ̀ láàárín òkè méjì. Odò lè gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n àfonífojì rẹ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo àfonífojì ni omi gbẹ́. Èyí tí ó la Ẹtiópíà àti Kẹ́ńyà kọjá, ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ ni ó ń ya níbẹ̀, tí àárín rẹ̀ sì rì. Àmọ́ ní agbègbè Ìbàdàn, omi tí ń wọ́ yanrìn lọ tí ó sì ń jẹ bèbè rẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni ó sábà máa ń gbẹ́ ẹ, omi náà kò sì tíì fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Òjò tí ó bá rọ̀ sórí òkè ọ̀tún àti ti òsì, àárín yẹn ni yóò parí sí. Bí òjò ìwọ̀n mìlímítà 50 bá rọ̀ sórí hẹ́kítà kan ṣoṣo, lítà omi 500,000 ni ìyẹn. Nígbà tí igbó wà lórí òkè, ilẹ̀ a máa mu púpọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí páànù, kọnkéré àti ọ̀dà títì bá ti bo ibẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù ni yóò di àgbàrá láàárín ìgbà kúkúrú. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ tí kò mọ omíyalé nígbà kan fi lè mọ̀ ọ́n lónìí.

Àwọn àgbà Ìbàdàn kò tíì gbàgbé 31 Oṣù Kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún tí ó sì gba ẹ̀mí tí ó lé ní 100. Lọ́jọ́ tí òjò kò bá rọ̀, odò kékeré ni Ògùnpa. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́lé sínú àfonífojì rẹ̀, ìdọ̀tí sì ti sọ ọ̀nà omi di tóóró. Ó dùn mí pé omíyalé tún pa ènìyàn púpọ̀ ní ìlú kan náà ní 26 Oṣù Kẹjọ ọdún 2011.

Nítorí náà, ẹ lọ wo ilẹ̀ náà nígbà tí òjò ńlá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, kí ẹ rí ibi tí àgbàrá gbà. Ẹ gbẹ́ ẹ dé orúnkún: bí ilẹ̀ inú rẹ̀ bá pupa, omi kì í sábà dúró síbẹ̀, bí ó bá ní àwọ̀ eérú, tí àmì pupa sì wà káàkiri inú rẹ̀, omi a máa rin ín gbingbin fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún. Igi ògùrọ̀ tí ó hù fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí mìíràn. Ẹ bi àwọn ará àdúgbò, kì í ṣe ẹni tí ń tà á, bí omi kànga wọn ti ń sún mọ́ ojú ilẹ̀ tó nínú Oṣù Kẹsàn-án.

Ẹ jẹ́ kí awọnlẹ̀ wọn gíga ilẹ̀ náà pẹ̀lú, kì í ṣe igun mẹ́rin rẹ̀ nìkan. Bí ó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè, tí ó ga ju ojú àgbàrá lọ dáadáa, ẹ lè kọ́lé síbẹ̀ pẹ̀lú ìpìlẹ̀ gíga àti gọ́tà tí ó fẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ibi tí ó rẹlẹ̀ jù lọ, èmi kò ní gbà yín níyànjú láti rà á fún ilé, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Àkúrọ̀ ni, ẹ̀fọ́ àti ìrẹsì ni ó yẹ ẹ́. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ da iyẹ̀pẹ̀ kún un, ẹ mọ̀ pé omi kò ní tìtorí rẹ̀ padà sókè: ilé aládùúgbò yín ni yóò yà sí.