Ọmọ mi ní kí n bá òun kọ nípa odò Elwha

Ẹ kú ilé o. Iléèwé ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ní kó kọ nípa odò kan ní ìpínlẹ̀ Washington wa níbí àtàwọn onílẹ̀ tó ń pẹja níbẹ̀. Elwha ni wọ́n fún un. Gbogbo ohun tó rí kọ ò ju “Nígbà kan rí, àwọn kan ń pẹja níbẹ̀” lọ. Èmi ọmọ Ìbàdàn, kí ni mo mọ̀ nípa ẹja salmon ju èyí tí mo ń rà lọ́jà? Ẹ gbà mí o.
Ìyá Fẹ́mi

Ìyá Fẹ́mi, ẹ kú làálàá ọmọ. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ pa “nígbà kan rí” yẹn rẹ́. Àwọn Lower Elwha Klallam, onílẹ̀ ibẹ̀, ò kó lọ síbì kankan, ìtòsí ẹnu odò náà ni wọ́n ṣì ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Port Angeles.

Orí òkè Olympic ni odò yẹn ti ń ṣàn bọ̀, nǹkan bíi kìlómítà 72, kó tó já sí Juan de Fuca, apá òkun tó pààlà Amẹ́ríkà àti Kánádà. Inú odò ni wọ́n ti ń bí salmon, á lọ dàgbà lókun, á sì padà wá yé ẹyin sódò tí wọ́n ti bí i. Ẹ wá wo ohun tí àwọn tó kọ́ dáàmù sódò náà ṣe. Òfin ìpínlẹ̀ ní ẹni tó bá kọ́ dáàmù gbọ́dọ̀ la ọ̀nà fún ẹja. Dáàmù Elwha bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1913, kò sí ọ̀nà ẹja kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ju kìlómítà mẹ́jọ sí ẹnu odò. Ẹja á dé, á forí sọ ògiri. Wọ́n tún kọ́ èkejì sókè rẹ̀ ní 1927.

Àwọn Klallam sì ti tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Amẹ́ríkà ní 1855: wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ àtipẹja ṣì jẹ́ tiwọn. Ní 1974, adájọ́ Boldt dá a pé ìdajì ẹja tọ́ sáwọn ẹ̀yà tó ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ìdajì kí ni, nígbà tí ẹja ò rí ọ̀nà gbà?

2011 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn dáàmù náà, ó parí ní 2014. Bí adágún tó wà lẹ́yìn dáàmù ṣe gbẹ, ibi mímọ́ tí àwọn Klallam gbà pé ibẹ̀ ni a ti dá wọn yọrí síta látinú omi tó bò ó. Èmi kó àwọn ọmọ mi lọ sí ẹnu odò. Èyí àbúrò bọ́ bàtà, ó ń tẹ iyanrìn dúdú. Mo ní ẹ̀yìn dáàmù ni iyanrìn yẹn há sí, omi ló gbé e wá. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kò tún fẹ́ wọ bàtà mọ́.

Bó bá fẹ́ fi tiwa kún un, ẹ sọ ìtumọ̀ Àtáọ́ja Òṣogbo fún un, ẹni tó tẹ́wọ́ gba ẹja. Ìlà kan ti tó o, odò ẹlòmíràn la ní kó kọ. Ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí: “Lóṣù kẹwàá ọdún 2023, àwọn Klallam tún pẹja ní Elwha.”
Bàbá Ìbejì