Bí Onígbá Bá Ṣe Pe Igbá Rẹ̀: Ṣé Ìgbéraga Ni Òwe Yìí Ń Kọ́ Wa?

Ìbéèrè: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíríìdọ̀mù nídìí iṣẹ́ aránṣọ ni. Bí oníbàárà bá béèrè iye owó, mo máa ń ní, "Ẹ fún mi ní ohun tó bá wù yín, mi ò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n." Ọ̀gá mi gbọ́, ó ní bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ la ó ṣe bá a pè é. Ṣé kí n wá máa fọ́nnu ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ọ̀gá yín kò pa òwe náà tán ni, ìdajì tó kù sì ni oró rẹ̀ wà: bó bá pe igbá rẹ̀ ní àkúfọ́, wọn á bá a fi kólẹ̀. Kí ike ìkólẹ̀ tí ẹ̀ ń pè ní pákà tó dé, àkúfọ́ igbá ni àwọn ìyá wa fi ń kó pàǹtí bí wọ́n bá gbálẹ̀ tán. Igbá tó bá sì ti kólẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ta ni yóò tún fi mu ẹ̀kọ?

Bẹ́ẹ̀ igbá kì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ láàárín wa. Igbá ni ìyàwó ń gbé wọlé ọkọ. Láyé àtijọ́, bí Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè afọbajẹ Ọ̀yọ́, bá ti kọ Aláàfin, igbá òfìfo ni wọ́n ń gbé sí i, ọba á sì mọ̀ pé ó tó àkókò kí òun fọwọ́ ara òun pa ara òun. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ igbá di ìkólẹ̀ ti ṣe ohun tó burú.

Ìtẹríba kọ́ ni òwe náà ń bá wí. Yorùbá a máa rẹ nǹkan tirẹ̀ sílẹ̀: "Ẹ wá bá wa jẹ díẹ̀, kò sí ẹran gidi níbẹ̀," nígbà tí ẹran kún inú ọbẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ìyá tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti fọ igbá rẹ̀ mọ́, ó fi ọmọrí dé e, ó kúnlẹ̀ gbé e sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ rẹlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò rẹlẹ̀, àlejò sì mọ èyí tí òun yóò gbà gbọ́. Tiyín yàtọ̀. Oníbàárà kò rí ọmọrí kankan, ohun tí ẹ sọ nìkan ló gbọ́.

Ibi tí òwe yìí ti máa ń dùn mí jù ni ọ̀dọ̀ àwọn òbí. Ìyá tó ń pe ọmọ rẹ̀ ní olódo lójú gbogbo àdúgbò, kí ó má bínú bí wọ́n bá ń fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n pípè nìkan kò sọ nǹkan di igbá. Bí wọ́n bá ká èso igbá kí ó tó gbó, yóò súnkì. Èyí tó gbó, wọ́n á là á sí méjì, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á ha inú rẹ̀ dànù, wọ́n á sì sá a sóòrùn. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni àwọn tó ń fín igbá l'Ọ̀yọ́ tó lè fi ọ̀bẹ ya ọnà sí i lára. Ẹni tó bá pe tútù ní gbígbẹ, omi ni yóò tú u fó.

Igbá tó fọ́ pàápàá, wọn kì í sáré gbé e jù sídìí ààtàn. Wọ́n á rán ojú ibi tó ti ya, ìyẹn là ń pè ní kàsẹ́. Ọ̀pọ̀ igbá oníkàsẹ́ kò ṣe é rọ omi sí mọ́, wọ́n á máa fi kó èlùbọ́ tàbí ẹ̀wà. Onígbá kò purọ́ pé kò fọ́ rí, kò sì fi kólẹ̀.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ ya iṣẹ́ sọ́tọ̀. Ìró àti bùbá tí ẹ mọ̀ ọ́n rán, ẹ dá iye lé e kí ẹ tó fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ. Agbádá tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ ọnà sí lọ́rùn, bí ẹ kò bá tíì mọ̀ ọ́n, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì júwe ọ̀gá yín fún wọn.