Ṣé sálúbàtà ṣe é wọ̀ lọ sígbó Lekki?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àtàwọn ọmọ fẹ́ lọ rìn ní Lekki Conservation Centre ní Sátidé, ṣé a lè wọ sálúbàtà? – Ìyá Ìbejì, Ṣúrùlérè

Ìdáhùn: Rárá o Ìyá Ìbejì, kánfáàsì ni kẹ́ ẹ wọ̀, torí orí pákó tí wọ́n tẹ́ sórí àbàtà lẹ máa rìn, tójò bá sì ti rọ̀ ó máa ń yọ̀ gan-an. Ẹ tètè dé kóòrùn tó mú, ẹ gbé omi dání, àmọ́ ẹ má jẹ gúgúrú lójú àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ o, wọ́n á já a gbà lọ́wọ́ ọmọ! Afárá òkè kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbà rìn lókè láàárín àwọn igi, ó gùn tó mítà 401, ó sì máa ń mì, tí ibi gíga bá ń já yín láyà ẹ dúró nísàlẹ̀ jàre, kì í ṣe tipátipá.