Borrow Ni Àbí Lend? Ẹ Bèèrè, A Dáhùn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olùkàwé wa. Lẹ́tà àti ìmeèlì tẹ́ ẹ kọ lórí àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jọra pọ̀ gan-an, mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo kàn ṣa àwọn tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú jù ni. Ohun tí mo rí nínú wọn ni pé ibi tí Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Gẹ̀ẹ́sì wá pín in sí méjì tàbí mẹ́ta, ibẹ̀ gan-an lẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo kọ "please borrow me your charger" sí ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ó kàn rẹ́rìn-ín, kò sọ ìdí ẹ̀. Kí ló burú níbẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò, ọ̀rọ̀ "yá" ló gbé e wá. Nínú Yorùbá, ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà, "yá" náà làwọn méjèèjì ń lò, a á ní mo yá a lówó, a á tún ní mo yá owó lọ́wọ́ ẹ̀, "lọ́wọ́" yẹn ló sì ń jẹ́ ká mọ ẹni tí nǹkan ti ọ̀dọ̀ ẹ̀ wá. Gẹ̀ẹ́sì ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni nǹkan ló ń lend, ẹni tó fẹ́ lò ó kó dá a padà ló ń borrow. Torí náà "please lend me your charger" ló yẹ kó o kọ, tàbí "can I borrow your charger?" Tí "me" bá ti tẹ̀ lé e, lend ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà tún máa ń sọ pé "loan me", ìyẹn ò burú lọ́dọ̀ wọn, àmọ́ ní Britain, ọ̀pọ̀ ṣì gbà pé orúkọ owó tí wọ́n yáni ni loan, lend ni wọ́n fẹ́ kéèyàn sọ.

Má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ẹ pé èdè wa ni ò kún tó o. Leihen làwọn ará Jámánì ń lò fún méjèèjì, bíi tiwa gẹ́lẹ́. "Kọ́" náà nìyẹn, tó jẹ́ teach tó tún jẹ́ learn, apprendre tàwọn ará Faransé ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, kódà Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀ ti ṣe é rí, torí nínú eré The Tempest tí Shakespeare kọ, Caliban sọ pé "learning me your language", ohun tó ní lọ́kàn ni pé wọ́n kọ́ òun ní èdè wọn. Lónìí ṣá, tó o bá kọ irú ẹ̀ sínú ìdánwò, wọ́n á yọ máàkì ẹ.

Ìbéèrè: "Ojú tì mí" là ń sọ, àmọ́ mo máa ń rí ashamed, embarrassed àti shy nínú ìwé. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Mo fẹ́ràn ìbéèrè yìí gan-an, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sí i. Ashamed wúwo. Ẹni tó bá sọ pé òun ashamed mọ̀ pé òun ṣe ohun tí ò dáa, bóyá ó parọ́, bóyá ó já ẹnì kan kulẹ̀, kò sì dìgbà tẹ́nì kan bá rí i, ó lè wà nínú yàrá lóun nìkan kọ́rọ̀ náà ṣì máa jẹ ẹ́ lọ́kàn. Embarrassed ní tiẹ̀, àfi káwọn èèyàn wà níbẹ̀, tàbí kéèyàn máa rò ó pé wọ́n rí òun. Ẹ dìde láti fi àlejò kan hàn fáwọn èèyàn, ẹ ti lanu, orúkọ ẹ̀ wá pòórá, gbogbo ojú ń wò yín, etí yín ń gbóná. Ẹ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ẹ ò jẹ̀bi nǹkan kan, síbẹ̀ ó ń ṣe yín bíi kí ilẹ̀ lanu. Embarrassed nìyẹn. Shy kì í ṣe nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí wọ́n ṣe dá onítọ̀hún ni, ọmọ tó máa ń sá sẹ́yìn ìyá ẹ̀ nígbàkigbà tí àlejò bá dé, shy lọmọ yẹn. Onítìjú làwa ń pe irú wọn, ẹ sì kíyè sí i pé a kì í pe ẹni tí wọ́n ká olè mọ́ lọ́wọ́ ní onítìjú, bójú tiẹ̀ ń tì í, èyí fi hàn pé àwa náà mọ̀ pé wọn ò rí bákan náà.

Inú lẹ́tà iṣẹ́ ló ti máa ń bà jẹ́ jù. Ẹnì kan ò tètè fèsì, á wá kọ "I am ashamed for the late reply", ẹni tó kà á á máa ronú pé ẹ̀ṣẹ̀ wo lèyí dá tó tó báyìí. "I am sorry for the late reply" ti tó. Tó bá sì jẹ́ pé ashamed lẹ fẹ́ lò lóòótọ́, "of" ló ń tẹ̀ lé e: ashamed of what I said.

Ìbéèrè: Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, mo wá sọ fún oníbàárà wa lórí fóònù pé "I am not listening to you", ló bá bínú pa fóònù. Ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ ṣẹ̀ ẹ́ láìmọ̀. Ohun tó gbọ́ ni pé "mi ò fetí sí ẹ", bíi pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ di etí sí i. "I can't hear you" ló yẹ kẹ́ ẹ sọ. Ibí yìí, èdè wa gan-an ló máa gbà yín: hear ni gbọ́, listen ni fetí sí tàbí tẹ́tí sí. Bí ohùn bá ṣáà ti wọlé sétí, o ti hear, ṣùgbọ́n kéèyàn tó listen, ó gbọ́dọ̀ fọkàn sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni see jẹ́ rí, look sì jẹ́ wò, èèyàn lè wò títí kó má rí nǹkan kan, looked but didn't see nìyẹn. Watch ló máa ń dàrú, torí wò náà là ń pè é, àmọ́ ohun tó ń lọ tó ń bọ̀, tó ń yí padà lójú ẹni, tá a fẹ́ mọ ibi tó máa já sí, òun la máa ń watch. Fọ́tò, look at ni. Bọ́ọ̀lù, watch ni.

Ohun kan ṣì wà lórí gbọ́ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́. Àwa máa ń gbọ́ òórùn, a tún máa ń gbọ́ èdè, Gẹ̀ẹ́sì ò kì í hear èyíkéyìí nínú méjèèjì. "I can smell it" la fi ń sọ ti òórùn, "do you understand Yoruba?" la sì fi ń béèrè ti èdè.

Ìbéèrè: Jealous àti envious ńkọ́?

Ìdáhùn: Owú àti ìlara. Ohun tó jẹ́ tìẹ tó ò fẹ́ kẹ́lòmíì gbà lọ́wọ́ ẹ ló ń mú kó o jowú, jealous nìyẹn. Ohun tó jẹ́ ti ẹlòmíì tó wù ẹ́ ló ń fa ìlara, envious nìyẹn. Èdè tiwa yà wọ́n sọ́tọ̀ ketekete, àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń dà á pọ̀ báyìí, tẹ́ ẹ bá sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé ẹ fẹ́ rìnrìn àjò, tó wá fèsì pé "I'm so jealous!", inú ẹ̀ dùn sí yín ni o, ẹ má bínú.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí màlúù fi jẹ́ cow nígbà tó wà láàyè, tó wá di beef nígbà tí wọ́n pa á?

Ìdáhùn: Lọ́dún 1066, William, olórí àgbègbè Normandy nílẹ̀ Faransé, wá gba ilẹ̀ England, látìgbà yẹn èdè Faransé ni ọba àtàwọn ìjòyè ẹ̀ ń sọ, ọdún 1362 ni wọ́n tó ṣòfin pé káwọn èèyàn máa fi Gẹ̀ẹ́sì rojọ́ ní kóòtù. Inú Faransé yẹn ni beef, mutton àti pork ti wá, cow, sheep àti pig sì jẹ́ ti àwọn ọmọ ilẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé àwọn tó ń sin ẹran ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń jẹ ẹ́ ń sọ Faransé, òótọ́ wà nínú ìtàn yẹn, àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n pín in bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Bíbélì King James ti 1611, Léfítíkù 22:19, "beeves", ìyẹn beef tó ju ẹyọ kan lọ, ni wọ́n pe àwọn màlúù tó ṣì wà láàyè níbẹ̀. Àwa ní tiwa, ẹran ni nínú igbó, ẹran náà ni nínú ìkòkò, ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń kọ "I saw a meat in the bush". Animal ni, kò tíì di meat.

Ìbéèrè: Historic àti historical, ṣé ọ̀kan náà ni?

Ìdáhùn: Rárá. Ohunkóhun tó bá ti jẹ mọ́ ìtàn àtijọ́ ni historical, ì báà má ṣe pàtàkì. Èyí tó ṣe pàtàkì débi pé ayé ò ní gbàgbé ẹ̀ ni historic, bíi ìgbà téèyàn kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá lọ́dún 1969.

Ìbéèrè: Mo kà á níbì kan pé "we need a disinterested judge". Ṣé adájọ́ tí ò bìkítà ni wọ́n ń wá ni?

Ìdáhùn: Rárá o, adájọ́ gidi ni wọ́n ń wá. Interest tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ìpín tàbí èrè téèyàn ní nínú nǹkan. Tẹ́ni tó ń dájọ́ ò bá ní nǹkan kan tó máa rí gbà níbẹ̀, tí kì í ṣe ẹbí ẹnikẹ́ni nínú wọn, disinterested ni, kò ní ṣègbè. Adájọ́ tó ń sùn nígbà tẹ́ ẹ̀ ń rojọ́, tọ́rọ̀ náà ò tu irun kankan lára ẹ̀, uninterested ni, ẹ má gbà á. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé disinterested ti ní ìtumọ̀ kejì yẹn rí láyé àtijọ́, ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ èèyàn sì tún ń lò ó bẹ́ẹ̀ lónìí, torí náà ẹni tẹ́ ẹ kọ̀wé sí lè gbà á sódì. Tó bá jẹ́ ìwé pàtàkì lẹ̀ ń kọ, ẹ kúkú lo impartial, kò sẹ́ni tó máa ṣì í gbọ́.