Ẹ Bi Wá: Ìwé Àwọn Arìnrìn-àjò Tó Dé Ọ̀yọ́-Ilé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Mo fẹ́ ìwé tí ẹni tó kọ ọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí Ọ̀yọ́-Ilé kí ìlú náà tó tú. Èwo ni kí n wá, ẹ̀dà wo ló sì dára? (Olùkọ́, Ìsẹ́yìn)

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Ìrìn-àjò méjì ni, ìwé mẹ́ta ló sì ti inú wọn jáde. Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ Scotland, gbéra ní Àgbádárìgì ní Oṣù Kejìlá ọdún 1825, ó wọ Ọ̀yọ́-Ilé ní Oṣù Kìíní ọdún 1826, Aláàfin sì ń fi ọ̀rọ̀ dá a dúró títí di Oṣù Kẹta. Ó kú nítòsí Sókótó ní Oṣù Kẹrin ọdún 1827. Richard Lander, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, ló kó àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ padà sílé, John Murray sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní London ní 1829. Lander náà kọ tirẹ̀ lórí ìrìn-àjò yẹn kan náà, ìdìpọ̀ méjì, ní 1830. Ọdún náà ló tún padà wá pẹ̀lú John àbúrò rẹ̀. Wọ́n gba Ọ̀yọ́-Ilé kọjá lọ sí Bùsà, wọ́n sì fi ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí odò Ọya títí dé òkun. Ìwé tiwọn jáde ní 1832, ìdìpọ̀ mẹ́ta. Ìdìpọ̀ kìíní ni ẹ ó ti rí Ọ̀yọ́-Ilé.

Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni owó yín ká, ẹ mú ti Clapperton. Ẹni tó kọ ọ́ kú kó tó ráyè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe, ohun tó ń rí lójoojúmọ́ ló kún inú rẹ̀. Ti àwọn Lander dùn ún kà jù ú lọ, ṣùgbọ́n olóòtú kan ní London ló pa àkọsílẹ̀ àwọn méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan, kì í sì í fìgbà gbogbo hàn ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ní ti ẹ̀dà, èyí tí Jamie Bruce Lockhart àti Paul Lovejoy ṣe fún ilé-iṣẹ́ Brill ní 2005 ló péye jù fún Clapperton, nítorí pé inú àkọsílẹ̀ tó fi ọwọ́ kọ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi àlàyé sí i. Ó wọ́n, ẹ wá a lọ sí ilé ìkàwé yunifásítì. Ti àwọn Lander, Robin Hallett gé e kúrú ní 1965. Èyí tó fún kíláàsì, kò tó fún ìwádìí.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Ìwé ọ̀fẹ́ kan wà lórí Project Gutenberg tí orúkọ Lander hàn gbàgàdà lára rẹ̀. Robert Huish ló ṣà á jọ ní 1836, kì í ṣe Lander ló kọ ọ́. Ẹ wo ojú ìwé àkọ́kọ́ kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sẹ́nu arìnrìn-àjò náà.

Ìbéèrè: Mo ń ka ìwé Lander, mo sì ṣí máàpù sílẹ̀, àmọ́ orúkọ ìlú kankan kò bára mu. Kí ni kí n ṣe? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ìlọrin)

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ ka orúkọ náà sókè bí ọmọ England ṣe máa pè é, ẹ má fi ojú ìwé Yorùbá kà á. Ìgbà tí wọ́n ń kọ ọ́, kò tíì sí àkọtọ́ Yorùbá. Etí wọn ni wọ́n gbára lé. «Ee» wọn ni «i» wa, «oo» wọn sì lè jẹ́ «u» tàbí «o». Bẹ́ẹ̀ ni Keeshee fi jẹ́ Kìṣí, Bohoo jẹ́ Ìgbòho, Boossa jẹ́ Bùsà. Eyeo ni Ọ̀yọ́, Yarriba ni Yorùbá, Jenna sì ni Ìjànà.

Katunga ló máa ń da àwọn èèyàn láàmú jù. Orúkọ tí àwọn Hausa ń pe Ọ̀yọ́-Ilé ni. Pasko tó ń ṣe ògbufọ̀ fún Clapperton, ọmọ Hausa ni, nítorí náà orúkọ tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde á wọ ẹ̀wù Hausa. Ẹ má sì fi Katunga sí ibi tí Ọ̀yọ́ wà lónìí. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní nǹkan bí 1835 sí 1837 ni Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tòní dó sí Àgọ́, ó sì ju 100 kìlómítà lọ sí ìhà gúúsù. Ìlú mìíràn wà tí ogun pa rẹ́ pátápátá. Máàpù òde òní kò lè fi wọ́n hàn yín.

Bí etí bá kùnà, ẹ lo ẹsẹ̀. Ẹ to orúkọ àwọn ìlú sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀léra, kí ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n dé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ kan àwọn tó dá yín lójú mọ́ máàpù, bí Àgbádárìgì, Ìgbòho àti Kìṣí, kí ẹ wá wá àwọn yòókù sáàárín wọn. Máìlì mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹ lè dá lé fún ìrìn ọjọ́ kan. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á ka ọjọ́ ìsinmi mọ́ ọjọ́ ìrìn. Ibà dá ẹgbẹ́ Clapperton dúró lọ́nà, Captain Pearce àti Dókítà Morrison tiẹ̀ kú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Aláàfin. Ẹ yọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kúrò. Níbi tí ẹ bá ti rí nọ́ńbà latitude (bí ibì kan ṣe jìn sí àríwá tàbí gúúsù), ó ṣeé gbára lé ju longitude (bí ó ṣe jìn sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn) lọ. Oòrùn ọ̀sán gangan ni wọ́n fi ń wọn ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n èkejì ń fẹ́ aago tí kì í yẹ̀, aago kì í sì í pẹ́ yẹ̀ lórí ẹṣin nínú ooru.

Ìbéèrè: Ẹ̀dà tí mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní máàpù. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni? (Òǹkàwé, Peckham, London)

Ìdáhùn: Ó lè má jẹ́ ìrẹ́jẹ. Máàpù ìwé àtijọ́ máa ń wà ní kíká. Ẹni tó ń ya àwòrán ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà kì í tú u, àwọn tó ń tẹ ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú sì ń tẹ ohun tí wọ́n bá rí. Ẹ wá ìwé kan náà lórí Internet Archive. Ẹ̀dà tó wà níbẹ̀ máa ń ju ẹyọ kan lọ, láti ilé ìkàwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ yẹ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ọ̀kọ̀ọ̀kan wò.

Ìbéèrè: Ṣé òyìnbó nìkan ló kọ irú ìwé yìí? (Ìyá oníwèé, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Rárá, mà. Robert Campbell, ọmọ Jamaica, àti Martin Delany, ọmọ Amẹ́ríkà, aláwọ̀ dúdú ni àwọn méjèèjì. Ìlú yín ni wọ́n ti bá Aláké àti àwọn ìjòyè tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Oṣù Kejìlá ọdún 1859, kí àwọn aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà lè wá máa gbé níbẹ̀. Ìwé àwọn méjèèjì jáde ní 1861, yunifásítì Michigan sì pa wọ́n pọ̀ sínú ìwé kan ní 1969. Ẹ tà á fún àwọn ọmọ Ẹ̀gbá! Ọ̀yọ́ tí Campbell dé, Ọ̀yọ́ tòní ni.

Ìbéèrè: Ṣé a lè gbé ìwé Clapperton dání lọ sí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé? (Ẹgbẹ́ òǹkàwé, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ọgbà ẹranko ìjọba, Old Oyo National Park, ni ó wà. Ẹ gba àyè ní ọ́fíìsì àgbà wọn ní ìlú Ọ̀yọ́, kí wọ́n fún yín ní ẹ̀ṣọ́ tó mọ̀nà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ, nítorí koríko á bo odi mọ́lẹ̀ lásìkò òjò. Clapperton kọ ọ́ pé odi ìlú náà yíká tó máìlì 15, ó sì ní ẹnubodè mẹ́wàá. Ẹ má wá odi tó ga. Òkìtì gígùn tí yàrà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó rí. Kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo: máàpù tí Robert Soper àti Patrick Darling tẹ̀ jáde ní 1980 fi hàn pé odi ju ọ̀kan lọ. Ẹ tẹ máàpù yẹn sórí bébà, kí ẹ mú un dání pẹ̀lú ìwé. Àpáàdì pọ̀ nílẹ̀ níbẹ̀; ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ má ṣà á.