Ìda wo ló yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àbẹ́là inú gíláàsì ní Àbújá?

Ìda sóyà, èyí tí wọ́n fi òróró ẹ̀wà sóyà ṣe, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kó jẹ́ èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún àbẹ́là inú ife. Ẹ wo ara páálí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, torí ìda àbẹ́là tó ń dá dúró le jù, á sún kúrò lára gíláàsì bó bá ti tutù. Ti inú ife rọ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì dáadáa. Bó bá dà sí tábìlì, omi gbígbóná àti ọṣẹ ti tó.

Ooru Àbújá gan-an ni ká sọ̀rọ̀ lé. Ìda sóyà yìí ń yọ́ ní nǹkan bí 46 sí 54°C. Lóṣù kẹta, mọ́tò tí ẹ gbé sínú oòrùn ní Wúsè lè gbóná jùyẹn lọ, àbẹ́là á sì di òróró. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ máa kó o lọ tà, ẹ wá sóyà tí wọ́n pò mọ́ paraffin, ìyẹn ìda tó wá látinú epo rọ̀bì. Paraffin nìkan náà ń ṣiṣẹ́, àfi pé ó ń yọ èéfín dúdú bí òwú bá gùn jù.

Ìda oyin ńkọ́? Ó dára o, ṣùgbọ́n ó le, ó wọ́n, ẹ fi sílẹ̀ ná.

Ohun funfun tó máa ń hù lójú ìda sóyà kì í ṣe àbùkù. Lọ́fínńdà gíráàmù 6 sí 8 nínú ìda gíráàmù 100 ti tó. Inú ìkòkò tó jókòó sínú omi gbígbóná ni kí ẹ ti yọ́ ọ, ẹ má gbé e ka iná tààrà.