Ìpáàrà tó fara pamọ́ sára Ìjàpá bàbá mi: ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n fín in lọ́dà?

Ìbéèrè: Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi tó dolóògbé fi Volkswagen Ìjàpá kan sílẹ̀ fún mi, ọdún 1978 ni wọ́n rà á ní tuntun. Abẹ́ igi fúrúùtù ló máa ń wà nínú ọgbà wa ní Bódìjà, Ìbàdàn. Ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń dán, àmọ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ọ̀tún ti ń sọ ìléròrò. Bí òjò bá sì rọ̀, kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn á tutù rinrin. Pánẹ́ẹ̀lì-bítà kan ní òun á ha á, òun á fi bọ́dì-fílà dí i, òun á fín in lọ́dà, ọjọ́ mẹ́rin péré. Ṣé kí n gbà fún un? Kí ni mo sì lè ṣe kó má tún padà wá?

Ìdáhùn: Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ má tíì gbà fún un o. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kó tó fọwọ́ kàn án.

Ìpáàrà tó bá ti yọ sí gbangba, ó ti pẹ́ nínú ilé. Bí irin bá dógùn-ún, ó máa ń wú. Ìpáàrà fẹ̀ ju irin tó ti inú rẹ̀ jáde lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń ti ọ̀dà sókè bí ìléròrò. Ẹ̀yin náà ti rí òrùlé Bẹẹrẹ àti Mápó láti òkè: páànù ilé máa ń pọ́n lójú gbogbo ayé, kò fi bò. Ti ọkọ̀ yàtọ̀. Inú ibi tí omi lè wọ̀ tí kò rí ọ̀nà jáde, tí afẹ́fẹ́ kì í dé, tí ọ̀dà ilé iṣẹ́ kò dé dáadáa, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi bọ́dì-fílà dí i lóde, a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá ni. Bọ́dì-fílà fúnra rẹ̀ máa ń fa omi.

Lára Ìjàpá, ibi méjì ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ. Àkọ́kọ́ ni àpótí irin gbọọrọ tó wà lábẹ́ ẹnu ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì. Inú rẹ̀ ni ooru ẹ́ńjìnì ń gbà wá síwájú láti mú ara èrò yá nígbà òtútù ní Jámánì. Níbí, a kì í lò ó, àmọ́ àpótí náà wà níbẹ̀, òun ló sì gbé ara ọkọ̀ ró. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ká léra ni. Omi tó bá gba ara rọ́bà gíláàsì tó ti gbó wọlé, ìtòsí ibẹ̀ ló máa ń ṣàn sí. Èkejì ni abẹ́ àga ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, níbi tí bátìrì ń jókòó sí. Ásíìdì bátìrì á kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á jẹ ọ̀dà, á wá kan irin. Kápẹ́ẹ̀tì yín tó ń tutù lẹ́yìn, àfi ká wo abẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fojú ara mi rí. Wọ́n gbé Ìjàpá aláwọ̀ ewé kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń dán bíi dígí. Mo ti jáàkì sí i lábẹ́ lọ́tùn-ún. Táyà kò tíì kúrò nílẹ̀ tí ilẹ̀kùn tó ń pa dé wọ́ọ́rọ́wọ́ fi há. Mo tú pátákó ìtẹ̀sẹ̀ kúrò, mo fi ìdí ṣúkúrúdíráfà kan irin àpótí náà. Irin tó yè máa ń dún gbángbán. Èyí ń dún pọ̀, pọ̀, bí pákó tí ikán ti jẹ. Mo fi ẹnu rẹ̀ tì í, ó wọlé dé ọwọ́. Nígbà tí mo fà á yọ, ìpáàrà dà sílẹ̀ wẹ́wẹ́ pẹ̀lú ewé gbígbẹ, lẹ́yìn náà ni ìwé ìròyìn yọ jáde. Ẹni tó tún un ṣe ṣáájú ti ki ìwé bọ inú ihò, ó sì fi bọ́dì-fílà lẹ̀ ẹ́ lójú. Àwọn ọmọ kékeré ló ń jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ yẹn lọ sílé ìwé láràárọ̀. Ó dùn mí gan-an.

Ẹ̀yin náà lè yẹ tiyín wò kẹ́ ẹ tó náwó kankan. Ẹ wá òòfà kékeré, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e kó má ha ọ̀dà, ẹ máa gbé e lọ lára ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, etí fẹ́ńdà àti ibi tí táyà àpòjù ń sùn sí lábẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Ibi tí òòfà kò bá ti mú, bọ́dì-fílà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àga ẹ̀yìn kúrò, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ṣúkúrúdíráfà kan gbogbo ilẹ̀ ọkọ̀.

Bó bá jẹ́ pé ojú irin nìkan ló pọ́n, tí irin ṣì nípọn, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sánpépà ha á títí á fi funfun. Ẹ fi omi ajẹpáàrà tó ní phosphoric acid pa á lára bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ike rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Bó bá ti gbẹ dáadáa, puráímà epoxy, ìyẹn ọ̀dà àkọ́kọ́ tó ń bo irin, gbọ́dọ̀ kàn án lọ́jọ́ náà gan-an. Nínú ọ̀rinrin Ìbàdàn lásìkò òjò, irin tí a ha lálẹ́ tí a kò kùn, á ti pọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bó bá ti lu, kò sí oògùn tó kọjá ká gé e. Kí wọ́n gé e dé ibi tí irin ti mọ́ yípo, kí wọ́n sì fi páànù gauge 18, tó nípọn tó bíi mílímítà 1.2, jó o dípò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lẹ páànù tuntun lé èyí tó ti jẹrà lórí, torí àárín méjèèjì ni omi á tún sá pamọ́ sí. Táǹkì epo Ìjàpá wà níwájú, ẹ rí i pé wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n yọ bátìrì àti àga náà, kí iná tó dé ibẹ̀. Ohun tó sì ń ba ọ̀pọ̀ Ìjàpá jẹ́ lọ́wọ́ àwa oníṣẹ́ ni pé a máa ń gé àpótí ẹ̀gbẹ́ láì kọ́kọ́ fi irin gbọọrọ dábùú ẹnu ilẹ̀kùn. Ara ọkọ̀ á sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀kùn kò sì ní bá ojú ihò rẹ̀ mu mọ́ láé. Ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan ni ká ṣe, kí bóòtù tó so ara ọkọ̀ mọ́ ilẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mẹ́síkò ṣe Ìjàpá títí di 2003, nítorí náà ẹ béèrè àpótí tuntun lọ́wọ́ àwọn tó ń ta pátì ní Gate kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká páànù.

Iná tí wọ́n fi jó irin á ti jó ọ̀dà inú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn iṣẹ́ iná ni a ń fín ìda sínú àpótí náà, láti ihò kékeré, pẹ̀lú rọ́bà gígùn. Ìda wà nínú agolo fún irú iṣẹ́ yìí. Bẹ́ ẹ kò bá rí i, ẹ fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tuntun po gírísì tuntun títí á fi ṣàn, ẹ gbé e sínú omi gbígbóná kó rọ̀, ẹ má gbé e kaná. Kọ́ndẹ́mù, ìyẹn ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tí a ti lò, ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa láti máa dà sí i. Mo ṣe é fún ọdún púpọ̀, mo sì ti jáwọ́: ásíìdì epo tó ti jó wà nínú rẹ̀, ó ń ba rọ́bà jẹ́, ó sì ń kán sílẹ̀ lọ bá omi kànga.

Ní ti pé kó má padà wá, ẹ gbé e kúrò lábẹ́ igi fúrúùtù yẹn. Ewé rẹ̀ ló ń dí ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tó láti là á, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta àti nígbà tó bá ń parí lọ. Ẹ má fi tàpólì wé e, ó máa ń sé ọ̀rinrin mọ́ ọn lára. Abẹ́ òrùlé tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ló yẹ ẹ́. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà gíláàsì. Ẹ bo orí bátìrì kí irin àga má baà kàn án, torí iná lè ti ibẹ̀ ṣẹ́. Bí àgbàrá Ìbàdàn ti August 26, 2011 bá ti bo ọkọ̀ náà rí, ẹrẹ̀ lè ṣì wà nínú àpótí yẹn. Omi tó mọ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣàn án, kó gbẹ pátápátá, kí ìda tó wọ̀ ọ́.

Ọyẹ́ ni kẹ́ ẹ dúró dè fún iṣẹ́ ńlá náà. Àmọ́ ẹ tú pátákó ìtẹ̀sẹ̀ ọ̀tún lọ́sẹ̀ yìí, bóòtù mélòó kan ló dì í mú. Ẹ ya fọ́tò ohun tẹ́ ẹ bá rí lẹ́yìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí ẹnikẹ́ni tó fi gíráńdà kàn án.